Everglades pẹ̀lú RV àti ìyá àgbà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Káyọ̀dé_Atlanta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù Keje. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn ò fẹ́ lọ sí ilé ìtajà ńlá kankan lọ́tẹ̀ yìí, ẹranko ni àwọn fẹ́ wò, kó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n há mọ́ inú àgò. Èmi àti ìyàwó mi wá rò ó pé ká háyà RV (ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú) ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 25, ká kó màmá àti àwọn ọmọ wa méjì, ká wà á láti Atlanta lọ sí Everglades, ọgbà ìjọba tí ẹranko ń gbé fàlàlà ní gúúsù Florida.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ibo la lè gbé ọkọ̀ náà sùn sí? Ṣé ooru inú ẹ̀ ò ní pọ̀ jù fún àgbàlagbà? Màmá ti lé ní 70, orúnkún wọn ò sì gba ìrìn gígùn mọ́. Ìyàwó mi tún ní bí òun bá fojú kan alligator (ẹranko tó jọ ọ̀nì) nítòsí àwọn ọmọ, ọjọ́ náà gan-an la máa padà sílé. Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ dákun.

Ṣadé_Tampa
Oṣù Keje kẹ̀? Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ̀fọn Flamingo, ibùdó etí òkun nínú ọgbà náà, nígbà òjò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun níta rárá. Ẹ sún un di oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta.

Bàbá_Onírìnàjò
Òótọ́ ni Ṣadé sọ, àmọ́ ẹ̀fọn nìkan kọ́ ló fà á. Ojú ọjọ́ gúúsù Florida ò jọ ti Atlanta yín. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ní, bíi ti ilé. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, ó sì máa ń tó oṣù Kọkànlá kó tó dá. Nígbà òjò, omi á bo gbogbo pápá koríko yẹn, ẹranko á fọ́n káàkiri, torí kò síbi tí wọn ò ti ní rí omi mu. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi á fà, kòtò díẹ̀díẹ̀ lá ṣẹ́ kù. Alligator fúnra ẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ àti imú wú ẹrẹ̀ inú àwọn kòtò náà kúrò kí omi má bàa tán níbẹ̀. Ẹja á kó jọ síbẹ̀, ẹyẹ á tẹ̀ lé ẹja, alligator á sì dúró de gbogbo wọn. Ẹni tó lọ lóṣù Kejì lè dúró lójú kan lórí Anhinga Trail, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ kan nínú ọgbà náà, kó máa ka alligator títí á fi sú u. Ẹni tó lọ lóṣù Keje á rí koríko tútù àti òjò ọ̀sán tòun ti mànàmáná, bóyá á sì rí alligator kan tàbí méjì mọ́ ọn.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ẹnubodè mẹ́ta ni ọgbà náà ní, kò sì sí títì tó so wọ́n pọ̀ nínú. Ti ẹ̀gbẹ́ Homestead ló lọ sí Royal Palm àti Flamingo. Máìlì 38 ni títì yẹn láti ẹnubodè dé etí òkun. Ti Shark Valley wà lórí ọ̀nà Tamiami, US 41. Ẹ̀kẹta wà ní Everglades City ní ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá wà ní Flamingo, tẹ́ ẹ sì fẹ́ dé Shark Valley, ẹ ní láti jáde pátápátá kí ẹ gba ẹ̀yìn Miami yípo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo máàpù, tí wọ́n á ní àwọn á ṣe méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ibi tí RV ń sùn sí lójú ọ̀nà Homestead, méjì ni. Long Pine Key wà láàárín igi páìnì, ibòòji wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí iná mànàmáná, wọ́n sì ń tì í nígbà òjò. Flamingo ń ṣí yípo ọdún, àwọn àyè kan níbẹ̀ ní iná, àmọ́ gbalasa ni, oòrùn ń pa á lójú méjèèjì. Omi àti ibi tí wọ́n ti ń da táǹkì ìdọ̀tí nù wà ní ibùdó méjèèjì. Owó ẹnubodè, 35 dọ́là lórí ọkọ̀ kan, ọjọ́ méje lẹ óò fi lò ó, ó tán. Káàdì ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba owó lọ́wọ́.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Gbogbo wa kọ́ la lè lọ lóṣù Kejì, ọmọ ń lọ síléèwé. Oṣù Keje làwa náà lọ, a gbádùn ẹ̀. Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé a kì í jáde lẹ́yìn aago mọ́kànlá àárọ̀. Aago méje a ti wà lójú ọ̀nà, a ti wo ohun tí a fẹ́ wò, a ti padà sídìí ẹ̀rọ amúlétutù kí oòrùn tó ganrí. Ẹ gba àyè tó ní iná ní Flamingo, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ìpara ẹ̀fọn tó ní DEET para. Bí èèyàn ò ṣe pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn, ó tiẹ̀ tún dáa.

Lórí orúnkún màmá: Anhinga Trail ò tó máìlì kan ní àlọ àti àbọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ni, ìyókù jẹ́ afárá onípákó. Kẹ̀kẹ́ arọ gan-an ń gba ibẹ̀.

Ṣadé_Tampa
Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mú ara le, ìyá àgbà ni tiwọn. Yàtọ̀ sí ẹ̀fọn, kòkòrò wínníwínní kan wà tó ń gba inú nẹ́ẹ̀tì lásán wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Nẹ́ẹ̀tì tó wà lójú fèrèsé RV ò dí i. Tí iná bá wá lọ níbùdó ńkọ́? Ṣé kí wọ́n ṣí fèrèsé fún un ni àbí kí wọ́n tì í mọ́ ooru?

Túndé_Onímọ́tò
Mo ń gbé inú RV lọ síbi iṣẹ́ káàkiri gúúsù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ti ọkọ̀ gan-an.

Káyọ̀dé, RV ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 25 sábà máa ń lo iná 30 amp. Ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé nìkan á jẹ bí ìdajì ẹ̀. Bí ìyàwó ẹ bá wá fi microwave gbé oúnjẹ gbóná, tí ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná náà sì wà lórí iná, bíréékà á já, ẹ ó sì máa wá ibi tó wà nínú òkùnkùn. Gbé ti omi gbígbóná sórí gáàsì. Sọ fún gbogbo ilé pé tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó tan ohunkóhun.

Fíríìjì onígáàsì kò fẹ́ ibi tó dagun. Bí ọkọ̀ bá fì sápá kan, ẹran yín ò ní tutù, fíríìjì fúnra ẹ̀ sì lè bàjẹ́. Gbé pákó tí wọ́n ń ki sábẹ́ táyà dání, kó o sì wò ó dáadáa kó o tó pa ẹ́ńjìnnì. Bẹ̀rẹ̀ sí í mú un tutù lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò. Má ṣe kó ọbẹ̀ gbígbóná sínú ẹ̀, mo mọ àwọn èèyàn wa.

Ka ìwé àdéhùn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gba owó lórí máìlì tó bá kọjá iye kan, wọ́n sì ń gba owó wákàtí lórí jẹnẹrétọ̀. Láti Atlanta dé Homestead ju máìlì 650 lọ, irú ọkọ̀ yẹn ò sì ní rìn ju máìlì mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Ṣe ìṣirò ẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ó lè dín owó kù kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Miami tàbí Orlando, kẹ́ ẹ háyà RV níbẹ̀.

Títì Turnpike tó dé Florida City, títì olówó ni, àmọ́ wọn kì í gba owó lọ́wọ́ níbẹ̀, kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀. Peach Pass, ohun tí wọ́n fi ń san owó títì ní Georgia, ń ṣiṣẹ́ ní Florida. Fi nọ́ńbà RV tó o háyà kún àkáǹtì ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ á fi owó tiwọn lé e kí wọ́n tó fi bíìlì ránṣẹ́.

Adùkẹ́_Miami
Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ igún, ó yà mí lẹ́nu. Níbi ìgbọ́kọ̀sí Royal Palm, níbi tí ẹ ti máa wọ Anhinga Trail, igún dúdú pọ̀ níbẹ̀, rọ́bà ọkọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ràn. Mo dúró wò ó. Èyí bà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹnì kan, ó fẹsẹ̀ kan tẹ wáípà mọ́ gíláàsì, ó wá ń fi ẹnu fa rọ́bà náà jáde bí ọmọ kékeré tó ń fa pọ̀nmọ́ líle. Kò bìkítà pé mo ń pariwo. Èkejì wà lórí òrùlé, ó ń já rọ́bà etí fèrèsé.

Àwọn aláṣẹ ọgbà ń fúnni ní tapólì àti okùn lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi bo ọkọ̀. Wọ́n wà níbi ìgbọ́kọ̀sí náà, ẹ dá wọn padà tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹ má ṣe rò pé tiyín á yọ. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gba owó rọ́bà fèrèsé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní èmi ni mo fà á ya.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Igún wá ń jẹ wáípà wa. Ayé ti yí o 😂

Túndé_Onímọ́tò
@Adùkẹ́ òótọ́ ni, àmọ́ tapólì wọn ò lè bo RV tán, ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń bò. Kí Káyọ̀dé bo gíláàsì iwájú àti wáípà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Tó bá ní tapólì tiẹ̀, kó mú un dání.

Adéolú_Croydon
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ Bàbá Onírìnàjò ṣe díẹ̀, torí èmi náà ń gbèrò láti ti London lọ. Owó ò parí sí 35 dọ́là fún gbogbo èèyàn mọ́. Láti oṣù Kínní ọdún 2026, ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà, tó bá ti pé ọdún 16, á san 100 dọ́là sí i láti wọ àwọn ọgbà ńlá 11, Everglades sì wà lára wọn. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn ni màmá, nítorí náà ẹ fi kún owó yín. Káàdì ọdọọdún àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà jẹ́ 80 dọ́là, ti àlejò jẹ́ 250.

Bàbá_Onírìnàjò
Adéolú, o ṣeun. Òun ló tọ̀nà, Káyọ̀dé. Big Cypress, ọgbà ìjọba mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Everglades, kì í gba owó ẹnubodè ní tiẹ̀. Alligator pọ̀ níwájú ilé àlejò Oasis tí wọ́n ní lórí ọ̀nà Tamiami, àtorí afárá lèèyàn ti ń wò wọ́n nínú odò tó wà nísàlẹ̀. Ibùdó Midway tí kò jìnnà síbẹ̀ ní iná fún RV. Ẹ má gbé RV gba Loop Road o. Títì yẹn há, yangí sì ni apá tó pọ̀ nínú ẹ̀.

Ọ̀túnba_Jax
Bọ̀dá, alligator kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Tó bá lé yín, ẹ máa sá kọ́lọkọ̀lọ, kò lè yíra kíá. Ẹ gbé màmá wọ airboat, ọkọ̀ ojú omi tí fáànù ńlá ń tì, ìyẹn ló ládùn jù. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọjá ní Miami, ẹ yà sí Hialeah. Àwọn ará Cuba ní ilé ìtajà tí wọ́n ń pè ní botánica níbẹ̀, ẹ óò rí ìlẹ̀kẹ̀ Yemọja àti odó Ṣàngó lórí àtẹ. Àwọn Lukumí Hialeah, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ti Cuba, ló gbé ìjọba ìlú náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lórí ẹran tí wọ́n ń fi bọ òrìṣà, wọ́n sì jàre lọ́dún 1993.

Káyọ̀dé_Atlanta
Ọ̀túnba, Ìyá Ìjọ ni màmá mi o. Tí mo bá gbé wọn dé iwájú odó Ṣàngó, èmi ni wọn á fi rúbọ 😂

Kẹ́mi_Olùyọ̀ǹda
Mo ti ṣiṣẹ́ olùyọ̀ǹda nínú ọgbà ẹranko ní Florida, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá kọ́lọkọ̀lọ. Irọ́ tó ti pẹ́ ni. Bí alligator bá súnmọ́ yín lórí ilẹ̀, ẹ yíjú sẹ́yìn kí ẹ sá lọ gbọnrangandan. Kì í lé èèyàn jìnnà. Etí omi gan-an ni ewu wà, pàápàá ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ tó máa ń wá oúnjẹ. Ẹ fi tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ó kéré tán, sáàárín ara yín àti ẹranko èyíkéyìí. Ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú, kò gbọdọ̀ sí ọmọ tó ń ṣan ọwọ́ nínú omi. Lóṣù Keje, abo wọn ń ṣọ́ ìtẹ́ ẹyin, inú ń tètè bí wọn. Ẹ má sì ju búrẹ́dì fún wọn o, òfin Florida de fífún alligator lóúnjẹ. Èyí tí wọ́n bá ti ń fún lóúnjẹ á máa rìn tọ èèyàn lọ, ìjọba á sì ní kí wọ́n pa á.

Àwọn ọmọ á fẹ́ mọ̀ pé gúúsù Florida nìkan ni ibi tí alligator àti ọ̀nì ti jọ ń gbé nínú igbó ní gbogbo àgbáyé. Alligator dúdú, imú ẹ̀ fẹ̀, ó sì rí róbótó níwájú. Ọ̀nì Amẹ́ríkà fẹ́ jọ eérú, imú ẹ̀ ṣóńṣó, eyín ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń hàn síta tó bá tiẹ̀ panu dé. Omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ ni ọ̀nì fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sùn sí èbúté Flamingo, níbi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ ojú omi sódò. Ẹ lè dúró lókè afárá kí ẹ máa wò ó. Manatee, ẹranko ńlá inú omi tó ń jẹ koríko, náà máa ń wá síbẹ̀, ẹ ṣáà máa wo ibi tí imú á ti yọ lójú omi.

Ní ti airboat, ọ̀nà Tamiami ló wà, kò sí ní Flamingo. Ariwo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á fún yín ní ohun tẹ́ ẹ máa fi dí etí. Mo rò pé ọkọ̀ ojú omi tó ń ti èbúté Flamingo lọ sínú igbó yẹ màmá jù ú lọ.

Adùkẹ́_Miami
Àbí kí wọ́n wọ tram, ọkọ̀ gígùn tó ń kó àlejò yípo, ní Shark Valley. Ó lórùlé, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń yí máìlì 15 náà, ẹni tó ń ṣàlàyé wà nínú ẹ̀. Màmá á jókòó, alligator á máa yọjú létí títì, lékeléke àti oríṣiríṣi ẹyẹ á máa fò kọjá. Kìkì pé ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn kéré, RV á sì nira láti gbà á wọlé tẹ́ ẹ bá pẹ́. Ẹ débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì_Bùsọ́lá
Ẹ̀yin ará, ooru ò fẹ́ràn àgbàlagbà. Bí màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń múni tọ̀, omi ara á tètè gbẹ láìjẹ́ pé òùngbẹ gbẹ wọ́n. Kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, kí ẹ sì bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ má fi oògùn sínú RV tí ẹ ti pa, tẹ́ ẹ tì, nínú oòrùn. Ẹ má sì fi màmá tàbí ọmọ sínú ẹ̀, bó ti wù kí àkókò náà kéré tó. Tí orí bá ń fò wọ́n tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò já gaara mọ́, ẹ pe 911. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbẹ̀, ẹ kíyè sí ibi tí fóònù yín ti gbà á gbẹ̀yìn.

Káyọ̀dé_Atlanta
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo bá màmá sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn máa wà lọ́dọ̀ wa di oṣù Kejìlá, ẹ̀fọn tí àwọn fi sílẹ̀ n'Íbàdàn sì tó àwọn. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving la sún un sí, àwọn ọmọ ò ní lọ síléèwé. Ó ku ìbéèrè kan: Long Pine Key tó ní ibòòji àbí Flamingo tó ní iná?

Ìyá_Ìbejì_Houston
Flamingo. Iná ni iná ń jẹ́. Inú màmá á dùn tí wọ́n bá lè bọ́ sínú yàrá tútù nígbà tó wù wọ́n.

Túndé_Onímọ́tò
Èmi ò gbà. Ooru ìparí oṣù Kọkànlá ò tó èyí tí èèyàn á máa bá jà, òru máa ń tutù. Long Pine Key sún mọ́ Royal Palm gan-an, o ò ní máa wa RV jìnnà láàárọ̀ kó o tó rí nǹkan wò. Fáànù kékeré tó ń lo bátìrì á tó yín. Kún táǹkì omi kó o tó gúnlẹ̀, torí omi kì í dé ìdí ọkọ̀.

Bàbá_Onírìnàjò
Ẹ sun Long Pine Key ní alẹ́ méjì, kí ẹ sun Flamingo ní alẹ́ kan, ìjà tán. Kí màmá mọ̀ ṣáájú pé omi ṣì máa ga lóṣù Kọkànlá, alligator ò ní pọ̀ tó ti oṣù Kejì, àmọ́ wọ́n á rí i. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gba àyè, ọ̀sẹ̀ yẹn sì ń kún kíákíá, ẹ ṣe é lóṣù yìí. Ẹ ra oúnjẹ àti epo ní Homestead, torí tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹnubodè, kò sí ọjà ńlá. Ilé ìtajà èso kan wà lójú ọ̀nà, Robert Is Here, ẹ dúró níbẹ̀: wọ́n ń ta ṣawaṣọ́ọ̀pù àti oríṣiríṣi èso ilẹ̀ olóoru tí àwọn ọmọ yín ò rí ní Atlanta.

Ṣadé_Tampa
Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ ṣì ra ìpara ẹ̀fọn o. Oṣù Kọkànlá lẹ ń lọ, ẹ̀fọn ò tíì lọ tán.